“Irin gidi ni”: Ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ ki ẹ́ńjìnnì V8 bọ inú Chevrolet 1957

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Houston ni mo ń gbé. Mo ra Chevrolet 210 ti ọdún 1957 lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan, onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà tó bá a jáde ló ṣì wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ di hot rod, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí a ki ẹ́ńjìnnì alágbára bọ inú rẹ̀ kó lè sáré. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì V8 (onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ) oní-lítà 5.3 tí wọ́n tú lára Silverado, ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù Chevrolet. Mẹkáníìkì tó fẹ́ bá mi ṣe é ní kí n má wulẹ̀ fowó ṣòfò lórí bíréèkì àti bẹ́líìtì ìjókòó. Ó ní irin gidi ni ọkọ̀ ayé àtijọ́, pé ohun tó bá kọlù ú ni yóò fọ́. Gíà wo ló bá ẹ́ńjìnnì yìí mu, èló sì ni gbogbo rẹ̀ máa ná mi? Mo fẹ́ máa fi gbé ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

ÌDÁHÙN: Arákùnrin mi, ẹ kú oríire ọkọ̀. Chevrolet 1957 kì í ṣe ọkọ̀ tó ń kọjá kí èèyàn má yíjú wò ó. Ọ̀rọ̀ gíà tí ẹ bèèrè kò le, màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí mi ò lè fò kọjá, òun náà ni ìdí tí mo fi ń kọ èyí fún gbogbo ayé kà dípò kí n fèsì fún ẹ̀yin nìkan. Mẹkáníìkì yín ní kí ẹ fi bíréèkì àti bẹ́líìtì sílẹ̀ torí pé irin gidi ni ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí mi láìmọye ìgbà, láti ẹnu àwọn tó wà níbí àti àwọn tó wà nílé tí wọ́n ń kọ̀wé nípa Peugeot 504 bàbá wọn. Irọ́ ni. Ẹni tó ń sọ ọ́ lè má mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, síbẹ̀ irọ́ tó ń gbẹ̀mí ni, ẹ sì fẹ́ kó ọmọ mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún un níbi tó ti jàre. Páànù ara ọkọ̀ ìgbà yẹn nípọn ju ti òde òní lọ lóòótọ́. Bí ẹ bá fi ìka kan bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Bọ́ńpà rẹ̀ irin ni, wọ́n fi kuróòmù bò ó. Bí ọkọ̀ òde òní bá rọra fara gbún un níbi ìgbọ́kọ̀sí, ti òde òní ni yóò tẹ̀, tiyín á kàn máa dán lọ ni. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti rí ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé kiri. Àmọ́ gbígbún ara ẹni níbi ìgbọ́kọ̀sí kọ́ ló ń pa èèyàn. Kí ọkọ̀ méjì forí gbárí lórí eré ló ń pa èèyàn, ìyẹn ni wọ́n sì ti dán wò tí gbogbo ayé fojú ara wọn rí i.

Ní 1959 ni wọ́n dá IIHS sílẹ̀, àjọ tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ń náwó sí, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa fi ọkọ̀ gbá nǹkan láti mọ èyí tó ń dáàbò bo èèyàn. Nígbà tí wọ́n pé àádọ́ta ọdún ní 2009, wọ́n mú Chevrolet Bel Air ti 1959, onílẹ̀kùn mẹ́rin, ọkọ̀ ìdílé bíi tiyín gẹ́lẹ́, wọ́n gbé e dojú kọ Chevrolet Malibu ti 2009. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sá eré máìlì 40 ní wákàtí kan. Wọn kò jẹ́ kí iwájú wọn bára mu tán. Apá ọ̀dọ̀ awakọ̀ ọ̀kan ló kọlu apá ọ̀dọ̀ awakọ̀ èkejì, bó ṣe sábà ń rí nígbà tí ẹnì kan bá yà sí ọ̀nà ẹlòmíràn. Ère tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n nínú ni wọ́n gbé jókòó sídìí sítíárì ọkọ̀ méjèèjì.

Fídíò rẹ̀ wà níta, ẹ wá a kí ẹ wò ó, kí ẹ pe mẹkáníìkì yín kó wá wò ó pẹ̀lú yín. Ibi tí awakọ̀ jókòó sí nínú Bel Air wó lé ère náà lórí. Sítíárì fò sókè, ó sì padà sẹ́yìn bá a. Orí ère náà gbá sítíárì, ó gbá òrùlé, ó tún gbá dáṣíbọ́ọ̀dù onírin tí kò ní nǹkan rírọ̀ kankan lára. Gíláàsì iwájú já kúrò pátápátá. Ilẹ̀kùn awakọ̀ ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìjókòó gígùn iwájú fà tu kúrò nílẹ̀ ọkọ̀ ní ọ̀dọ̀ awakọ̀. Nínú Malibu tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá, ibi tí awakọ̀ wà dúró bó ṣe wà, ohun tí ẹ̀rọ ìwọ̀n sì fi hàn kò ju pé ẹsẹ̀ òsì awakọ̀ lè fara pa lọ. Awakọ̀ kan kú, èkejì á tiro lọ sílé. Èyí tó kú ló wà nínú irin gidi.

Mo mọ ohun tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ máa ń sọ bí mo bá dé ibí yìí, torí mo fẹ́ràn rẹ̀ bíi tiwọn. Wọ́n á ní ipata ti jẹ Bel Air yẹn tán, wọ́n á ní ẹ ò rí eruku pupa tó tú jáde. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà sọ pé ipata orí páànù lásán ni, egungun ọkọ̀ kò jẹrà. Wọ́n á tún ní ṣáásí 1959 yàtọ̀ sí ti 1957. Òótọ́ ni èyí. Láti 1958 títí dé 1964, ṣáásí tó rí bí lẹ́tà X ni Chevrolet ńlá ń lò, kò ní irin gígùn lápá ọ̀tún àti òsì. Tiyín ní irin méjì tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. N kò ní sọ pé tiyín yóò wó bí tibẹ̀ yẹn ṣe wó gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún ka àwọn ohun tó ṣe ère náà léṣe: sítíárì tó padà sẹ́yìn, dáṣíbọ́ọ̀dù onírin, gíláàsì tó já, ilẹ̀kùn tó ṣí, bẹ́líìtì tí kò sí. Èwo nínú wọn ni kò sí nínú ọkọ̀ yín?

Ohun tí mẹkáníìkì yín kò mọ̀ ni ibi tí eré ọkọ̀ ń lọ. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń sáré bá dúró lójijì, ipá tó wà lára rẹ̀ kò lè kàn pòórá, ó gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Bí imú ọkọ̀ bá rún wọlé, rírún yẹn ló ń jẹ ipá náà díẹ̀díẹ̀, tí ara ẹni tó wà nínú yóò fi ráyè dúró. Bí irin bá kọ̀ tí kò rún, gbogbo ipá náà ń gba inú ọkọ̀ kọjá sára èèyàn ni: àyà, ọrùn, ọpọlọ. Ẹ fi ẹyin sínú agolo, ẹ dé e pa, kí ẹ là á mọ́ ilẹ̀ onísìmẹ́ǹtì. Agolo náà lè má tẹ̀ rárá. Ẹ wá ṣí i wò.

Èyí tó burú jù ni pé irin àtijọ́ náà ń rún, ibi tí kò yẹ ló ti ń rún. Kò sẹ́ni tó yà á sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán ọkọ̀ yín pé imú ni kó kọ́kọ́ wọlé, pé ibi tí èèyàn jókòó sí ni kó gbẹ̀yìn. Nínú ọkọ̀ òde òní, irin tó le koko jù lọ wà ní àwọn òpó ìhà ilẹ̀kùn àti yíká ibi ìjókòó, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí tó rọ̀ síwájú. Ìdí nìyẹn tí imú rẹ̀ fi máa ń fọ́ yángá tí èèyàn á fi máa bú u pé ọ̀rá ni, tí awakọ̀ á sì máa bọ́ sílẹ̀ láti inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti àná. Ẹnjiníà kan ní Mercedes-Benz, Béla Barényi, ló ti rò ó já kí ọdún 1950 ó tó jìnnà, nígbà tó sì di 1959 kan náà tí wọ́n ṣe Bel Air yẹn, Mercedes gbé ọkọ̀ ìdílé onílẹ̀kùn mẹ́rin jáde, W111, tí wọ́n dìídì ṣe imú àti ìdí rẹ̀ kó lè rún, tí wọ́n ṣe àárín rẹ̀ kó lè dúró. Ọdún 1959 yẹn náà ni Volvo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bẹ́líìtì tó gba èjìká àti ìtan kọjá sínú ọkọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Nils Bohlin. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ọkọ̀ yín jáde nìyẹn.

Ẹ wá jókòó sínú Chevrolet yín, kí ẹ wo ọ̀pá sítíárì. Irin gbọọrọ kan ṣoṣo ni, láti inú àpótí sítíárì lọ́wọ́ iwájú títí dé ọ̀gangan àyà yín. Bí nǹkan bá ti iwájú gbá àpótí yẹn sẹ́yìn, ọ̀pá náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín tààrà. Ọdún 1967 ni General Motors tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀pá tó ń wọ inú ara rẹ̀ bí ìjàm̀bá bá dé, ìjọba Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di dandan ní ọdún kejì. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò fún Chevrolet 1955 sí 1957 ń ta ọ̀pá tó ń wọ inú ara rẹ̀ báyìí. Bó bá jẹ́ ohun kan péré ni owó yín ká lẹ́yìn bíréèkì àti bẹ́líìtì, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun.

Ó dáa, ẹ wá gbé ẹ́ńjìnnì tuntun lé gbogbo èyí lórí. Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀, 235 ni wọ́n ń pè é, agbára ẹṣin 140 ni Chevrolet kọ sí i lára ní 1957. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń wọn ẹ́ńjìnnì ní ìhòòhò, láìsí fáànù, láìsí ẹ̀sọ́ọ̀sì gidi. Ọdún 1972 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n bó ṣe wà nínú ọkọ̀. Nítorí náà 140 yẹn kò pé 140 lójú títì. 5.3 tí ẹ rí yẹn ń gbé nǹkan bíi 270 lọ sókè jáde, ìwọ̀n òde òní sì ni. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Bí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn lórí ọ̀nà márosẹ̀ I-45, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ ti wà lórí eré máìlì 80. Ta ni yóò wá dá a dúró?

Bíréèkì tó bá ọkọ̀ yín jáde, dúrọ́ọ̀mù ni ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dúrọ́ọ̀mù: irin róbótó tó dé mọ́ ara, ṣúù méjì wà nínú rẹ̀ tó ń ṣí láti fi ara gbo ó. Bí ẹ bá ń sá eré 35 tí ẹ sì tẹ bíréèkì, ó ń dúró dáadáa, kò burú fún iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ṣùgbọ́n eré 70 kì í ṣe ìlọ́po méjì iṣẹ́ 35. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Gbogbo rẹ̀ ni bíréèkì ń sọ di ooru, inú irin tó dé mọ́ra yẹn sì ni ooru náà há sí. Tó bá ti gbóná jù, dúrọ́ọ̀mù á fẹ̀, á máa sá fún ṣúù, ṣúù fúnra rẹ̀ á máa yọ̀. Ẹ ó máa tẹ ẹ́, ẹsẹ̀ yín á máa rì lọ sílẹ̀, ọkọ̀ á máa lọ. Ti bíréèkì onídísìkì yàtọ̀: gbangba ló wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, bó bá sì gbóná tó nípọn sí i, ọ̀dọ̀ páàdì ló ń sún mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbọ́dọ̀ di onídísìkì kí ẹ́ńjìnnì V8 tó dé inú ọkọ̀ náà. Ẹ̀yìn lè jẹ́ dúrọ́ọ̀mù tó mọ́, tí àfọ́ kò sí lára rẹ̀, pẹ̀lú fáàfù tó ń pín ipá bíréèkì fún iwájú àti ẹ̀yìn bó ṣe yẹ. Ẹ má gbàgbé fáàfù yìí. Láìsí i, ẹ̀yìn ọkọ̀ lè há lójijì kó sì yí yín padà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju dúrọ́ọ̀mù lọ ni máàsítà bíréèkì. Ilé omi bíréèkì kan ṣoṣo ló wà nínú ti 1957, òun ló ń bọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí okùn rọ́bà kan bá bẹ́ ní ẹsẹ̀ iwájú, omi tó wà fún gbogbo wọn ló ń jò dànù, bíréèkì já nìyẹn, kì í ṣe ìdajì, gbogbo rẹ̀. Irin páìpù rẹ̀ ti lé ní 60 ọdún. Inú ni ipata ti ń jẹ ẹ́, ojú kò sì lè rí i. Láti 1967 ni ọkọ̀ General Motors ti ní máàsítà onílé méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, kí èkejì lè ṣẹ́ kù bí ọ̀kan bá já. Kò sí ìdí kankan láyé yìí tí baba ọlọ́mọ mẹ́ta yóò fi máa wa ọkọ̀ onílé kan lórí ọ̀nà máìlì 70. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo páìpù àti okùn rọ́bà rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìkìlọ̀ kékeré: ṣúù àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èròjà tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ẹ má fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọ̀n ọ́n. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó nù ún, ẹ bo imú.

Mẹkáníìkì yín lè sọ pé hot rod gidi kò mọ bíréèkì, pé eré nìkan ló mọ̀. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ California tó ń gbé Ford 1932 lọ sórí àwọn adágún gbígbẹ ní Muroc àti El Mirage, tí wọ́n dá SCTA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré níbẹ̀, sílẹ̀ ní 1937, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n sábà kọ́kọ́ ń yọ kúrò lára Ford yẹn ni bíréèkì rẹ̀. Bíréèkì Ford 1932, ọ̀pá irin ló ń fà á, kò ní omi. Ọdún 1939 ni Ford tó fi bíréèkì olómi sínú ọkọ̀ rẹ̀, kíá ni àwọn ọmọ yìí sì ń tú u lára ọkọ̀ tuntun tó ti bàjẹ́, tí wọ́n ń gbé e sára ti àtijọ́. Wọn ò lówó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí iṣẹ́ gidi ṣe, bíréèkì ni wọ́n ń wá ní ibi àkìtàn ọkọ̀. Nígbà tí Wally Parks dá NHRA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje eré ọkọ̀, sílẹ̀ ní 1951, wọ́n gbé ìdíje kúrò lójú títì lọ síbi tí a ti ń yẹ ọkọ̀ wò kó tó sáré. Ní 1954 wọ́n rán ikọ̀ kan yí Amẹ́ríkà ká láti lọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń ṣe é láìfẹ̀mí ṣòfò. Ìtàn hot rod gan-an nìyí. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n tí kò mọ èyí, àwòrán ló rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì, torí inú mi dùn sí ohun kan nínú ọkọ̀ yín. Onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, 210, ó ní òpó láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ yìí jọ máa ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú onílẹ̀kùn mẹ́rin, onílẹ̀kùn méjì tí kò ní òpó ni wọ́n ń sáré lé, òun ló sì wọ́n. Ẹ má dá wọn lóhùn. Òpó yẹn ni ẹ ó rí so bẹ́líìtì èjìká mọ́. Kì í ṣe kí a kàn lu ihò sí páànù kí a wá de bóòtì. Páànù á ya, bẹ́líìtì á sì fà yọ lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ bẹ́líìtì ni yóò jó irin pẹlẹbẹ mọ́ inú òpó àti abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, tí yóò fi bóòtì tó yẹ dè é. Ìjókòó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ rántí pé ìjókòó Bel Air yẹn fà tu. Bí ìdè ìjókòó yín kò bá lágbára, bẹ́líìtì yóò mú yín, ìjókòó á sì máa ti yín láti ẹ̀yìn.

Fún àwọn ọmọ, mo máa sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Ẹ má gbé wọn nínú ọkọ̀ yìí lónìí. Kì í ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe yípo àdúgbò láti ya fọ́tò. Títí a ó fi rí bẹ́líìtì tó dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti ìjókòó ọmọdé tó bá ọjọ́ orí wọn mu tí a lè dè mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn láìmì, ọkọ̀ tí ẹ ń wà lójoojúmọ́ ni kí wọ́n máa bá yín lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán pàápàá, kò sí àpò afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, kò sí irin ìdènà nínú ilẹ̀kùn rẹ̀, imú rẹ̀ kò sì ní kọ́ bí a ṣe ń rún. Ẹ gba ọ̀nà àdúgbò, ẹ má gba I-45. Mo mọ̀ pé ó dunni. Mo rí bí inú àwọn ọmọ ṣe máa ń dùn sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iná ló kàn. Kábúrétọ̀ ni onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà yín ń lò, pọ́ǹpù bẹntiróòlù rẹ̀ kò sì ń ti epo ju nǹkan bíi 5 psi (ìwọ̀n ipá tó fi ń ti epo) lọ. 5.3 ń fẹ́ 58. Okùn rọ́bà àti ìdè tó mú 5 dúró kò lè mú 58, ó máa bẹ́, yóò sì tú bẹntiróòlù sórí ẹ̀sọ́ọ̀sì tó gbóná. Ọ̀rọ̀ kí a kàn já pọ́ǹpù tuntun mọ́ páìpù àtijọ́ kò sí. Táǹkì, pọ́ǹpù, páìpù, okùn, gbogbo rẹ̀ ni kó jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tí ń fọ́n epo. Wáyà ọkọ̀ náà ńkọ́, ó ti gbó, ó sì ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà tó mọ iṣẹ́ tú gbogbo rẹ̀ dànù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé nípa 504 láti ilé, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti 1968 tí 504 ti jáde ló ti ní dísìkì níwájú, nítorí náà ẹ ti ṣíwájú arákùnrin wa yìí. Àmọ́ 504 kò ní ṣáásí lábẹ́. Páànù ara rẹ̀ gan-an ni egungun rẹ̀. Bí ipata bá ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti abẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tẹ̀, kò sí ohun tó kù tó lè gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára dúró, bó ti wù kí panẹ́ẹ̀lì-bítà kùn ún tó. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ lọ tún abẹ́ rẹ̀ jó.

Àwọn ohun tí mo gbọ́dọ̀ sọ: n kò rí ọkọ̀ yín, n kò fi ọwọ́ kàn án, ìdáhùn yìí kò sì lè dípò kí ẹni tó mọ bíréèkì gbé e sókè kó yẹ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, ìpínlẹ̀ Texas kò yẹ ọkọ̀ àdáni wò mọ́ fún ààbò kó tó gba ìwé. Èyí já sí pé kò sí ẹni tó máa sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pé páìpù bíréèkì yín ti jẹrà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sanwó fún ẹni tó máa wò ó. Ẹ pe ilé iṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ gba èsì wọn ní kíkọ. Bí ẹ kò bá sọ, tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti san.

Ẹ yí mẹkáníìkì náà padà. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò bá a jà. Ẹni tó bá lè sọ pé bíréèkì jẹ́ ìfowóṣòfò kò yẹ kó sún mọ́ ọkọ̀ tí èèyàn máa wọ̀.

Gíà tí ẹ bèèrè: 4L60-E tó bá 5.3 jáde nínú Silverado ni kí ẹ lò, onígíà mẹ́rin ni, fúnra rẹ̀ ló ń yí. Ẹ ra òun, ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà àti ìdì wáyà rẹ̀ lára ọkọ̀ kan náà, nítorí bí ẹ bá rà wọ́n káàkiri, ẹ ó sanwó fún ẹni tó máa bá yín jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra yé. A ó dín ọ̀pá tó ń yí ẹ̀yìn kù kó bá gígùn tuntun mu, ilẹ̀ ọkọ̀ sì lè fẹ́ kí wọ́n gé e díẹ̀ níbi tí gíà ń gbà kọjá. Rédíétọ̀ àtijọ́ kò ní tó. Ní ti owó, n kò lè dárúkọ iye láìrí abẹ́ ọkọ̀ náà, ẹni tó bá sì dárúkọ rẹ̀ fún yín lórí fóònù ń méfò ni. Bí ẹ ṣe máa ná an ni mo lè sọ: bíréèkì, bẹ́líìtì àti ìjókòó, ọ̀pá sítíárì, táyà, páìpù bẹntiróòlù àti wáyà, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì. Bí owó bá tán kó tó kan ẹ́ńjìnnì, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà yẹn ṣì lè gbé yín rìn fún ọdún púpọ̀. Bí ẹ bá sì yọ ọ́ nígbà tó yá, ẹ má tà á. Ẹ da epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí ihò púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ẹ dí gbogbo ojú ihò rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí òjò kò dé, torí ẹni tó bá máa ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú lè béèrè rẹ̀.